Kí ló dé tí fìlà kíróṣè kì í bá orí mu?

Ìbéèrè: Mo tẹ̀lé ìlànà fìlà kan láìfo ìlà kankan, síbẹ̀ ńṣe ló bò mí lójú. Kí ló fà á?

Ọwọ́ ló fà á. Ọwọ́ ẹni tó kọ ìlànà yẹn le, tìrẹ dẹ̀. Bí ojú kọ̀ọ̀kan tí o hun bá fi mìlímítà kan péré fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, ojú 76 ti fi sẹ̀ǹtímítà 7.6 kún fìlà nìyẹn. Fìlà ti di agbọ̀n. Tún wo ibi tí ìlànà náà ti wá, torí ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní síńgù ni àwọn ará Ìlú Ọba ń pè ní dọ́bù. Ti Amẹ́ríkà là ń lò níbí: dọ́bù ni èyí tá a ń yí òwú mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó wọnú ojú, síńgù kò ní yíyí yẹn.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ iye ojú tó tọ́ sí orí mi?

Gbé téèpù gba iwájú orí, kọjá òkè etí, kó yí ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jù. Ẹni tó dirun, orí irun dídì ni kó ti wọ̀n ọ́n, àfi tó bá fẹ́ kí fìlà máa fò kúrò lórí. Ká ní o rí sẹ̀ǹtímítà 58. Òwú wúlù máa ń nà, nítorí náà yọ 4 kúrò kó lè di orí mú: ó ku 54. Kúfí tí wọ́n fi òwú kọ́tìn hun kì í nà tó bẹ́ẹ̀, bó bá sì nà tán, kì í sáré padà. 1 tàbí 2 ni kó o yọ nínú tiẹ̀.

Wàyí o, dán ọwọ́ rẹ wò. Fi òwú àti abẹ́rẹ́ tí o fẹ́ lò gan-an (abẹ́rẹ́ mìlímítà 5 dára fún wúlù tí kò tín-ín-rín tí kò sì nípọn) hun ojú 30, so ẹnu rẹ̀ pọ̀, kó o wá hun dọ́bù ní ìyípo mẹ́jọ lé e. Má hun ún ní àlọ àti àbọ̀, torí ojú tí a yí padà kì í rí bákan náà pẹ̀lú èyí tó ń yí po. Tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó o ka ojú tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Bó bá jẹ́ 14, ìṣirò rẹ ni 54 × 1.4, ìyẹn 75.6. Pè é ní 76.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n orí fìlà máa ń fi ojú 12, 12 pọ̀ sí i ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Níbo ni 76 ti fẹ́ wá?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. 12, 24, 36, 48, 60, 72: ìyípo mẹ́fà nìyẹn. Bó o bá dúró ní 72, fìlà yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 51, yóò fún orí. Bó o bá lọ sí 84, ó di 60, yóò máa yọ̀. Ní ìyípo keje, hun méjì sínú ojú kan ní ibi mẹ́rin péré, ní gbogbo ojú 18 kọ̀ọ̀kan. O ti dé 76.

Látibẹ̀ má fi kún un mọ́, máa hun ún sísàlẹ̀. Láti àtàrí dé àárín etí àgbà tó sẹ̀ǹtímítà 21. Bí ìyípo méje bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 lọ́wọ́ rẹ, 15 ni gbogbo ìyípo rẹ. Òwú gíráàmù 100 máa ń tó.

Ìbéèrè: Orí fìlà mi ń ká bí abọ́ kó tó tó àkókò.

O ń fo ibi tó yẹ kó o ti fi kún un, tàbí ọwọ́ rẹ ń le sí i bó o ṣe ń lọ. Bó bá ń rú wéréwéré létí, o ti fi kún un jù. Tú u padà. Àìtú kò tún un ṣe. Bó bá ní igun mẹ́fà tàbí méjìlá, orí ara wọn lò ń to àfikún sí: yẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Fi píìnì ṣe àmì sí ojú àkọ́kọ́ ìyípo kọ̀ọ̀kan, kí ìṣirò má bàa dàrú.

Ìbéèrè: Ẹnu fìlà mi ń là.

Gba abẹ́rẹ́ mìlímítà 4, kó o fi síńgù hun ìyípo méjì tó kẹ́yìn. Gbé e lé orí kó o tó gé òwú.