Lífútì mọ́tò nínú gáréèjì ilé: ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé. Mo fẹ́ ri lífútì olópòó méjì mọ́ gáréèjì ilé mi, kí n lè máa tún Sienna mi ṣe. German floor ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ṣé ó tó?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó. Nọ́ọ̀tì tó wọnú kọnkéré nìkan ló ń di òpó méjèèjì mú. Bí mọ́tò bá ti gòkè, ìwúwo rẹ̀ á máa fa òpó sínú. Bí kọnkéré bá fẹ́lẹ́, nọ́ọ̀tì á hú jáde tòun ti ìṣù kọnkéré. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe lífútì yìí ń béèrè ni kọnkéré tó nípọn tó íńṣì 4, ó kéré tán, tí agbára rẹ̀ tó 3,000 psi (òṣùwọ̀n ìwọ̀n ìtẹ̀ tí kọnkéré lè gbà kó tó fọ́), tó sì ti lo ọjọ́ 28 kí wọ́n tó lu ihò sí i. Ẹsẹ̀ èèyàn àti àga ni wọ́n da ọ̀pọ̀ German floor ilé wa fún. Níbi tí òkúta abẹ́ rẹ̀ bá ti yọrí, ó lè má ju íńṣì 2 lọ.

Ẹ fi dírílì lu ihò kan já níbi tí òpó máa dúró sí. Ẹ tẹ orí wáyà kan bí ìkọ́, ẹ tì í wọlé kó fi kọ́ ìsàlẹ̀ kọnkéré, ẹ sàmì sí i lókè, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n. Bí kò bá pé, ẹ má da tuntun lé ti àtijọ́ lórí, wọn kì í di ọ̀kan. Ẹ fọ́ ọ, ẹ gbẹ́ ilẹ̀, kí ẹ da òmíràn pẹ̀lú irin: páànù sìmẹ́ńtì 2, iyanrìn 3, gránáìtì 6. Ẹ má jẹ́ kí omi rẹ̀ pọ̀ jù, kó má baà rọ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ á sán.

Ìbéèrè: Àjà ilé mi ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10 ńkọ́?

Ìdáhùn: Sienna fúnra rẹ̀ ti sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà 6. Tí ẹ bá gbé e dé ibi tí ẹ lè dúró lábẹ́ rẹ̀, orí rẹ̀ á lu àjà. Lífútì kúkurú aláìlópòó, tó ń gbé mọ́tò dé bí ẹsẹ̀ bàtà 4, tí ẹ ó fi jókòó lórí àpótí ṣiṣẹ́, la rò pé ó bá yín mu.

Ìbéèrè: Bí iná bá lọ nígbà tí mo wà lábẹ́ mọ́tò?

Ìdáhùn: Kò sí ewu, bí mọ́tò bá ti jókòó lórí lọ́ọ̀kì, ìyẹn irin inú òpó tó ń há lífútì kó má baà sọ̀ kalẹ̀. Ọ́ìlì ló ń gbé mọ́tò sókè, ṣùgbọ́n ọ́ìlì lè jò. Irin lọ́ọ̀kì ni kó máa gbé e dúró. Ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ẹ dúró, ẹ mi mọ́tò wò. Bí kò bá yẹ̀, ẹ gbé e sókè títí lọ́ọ̀kì méjèèjì yóò fi dún, lẹ́yìn náà kí ẹ rọra sọ̀ ọ́ lé wọn. Ibi tí ìwé mọ́tò sọ nìkan ni kí ẹ fi apá lífútì sí. Irin tó ti dípẹtà á wọnú. Ẹ má sì yọ ẹ́ńjìnnì láìfi nǹkan ti ẹ̀yìn mọ́tò, torí ìdí rẹ̀ á wúwo ju iwájú lọ, á sì ṣubú sẹ́yìn.

Ìbéèrè: Ó dà bíi pé jáàkì ló kù fún mi.

Ìdáhùn: Fún ọ́ìlì àti bíréèkì, ó tó: jáàkì tọ́ọ̀nù 3 àti irin ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lórí kọnkéré tó tẹ́jú. Ẹ fi òkúta dènà táyà tó wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, búlọ́ọ̀kù oníhò kọ́ o: kì í kọ́kọ́ sán kí ẹ rí i, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń fọ́.