Àlàfo Inú Dáàmù Ọ̀yán

Nígbà tí odò Ògùn bá kún wọ ilé àwọn ará Ìṣẹrí lóṣù Kẹsàn-án tàbí oṣù Kẹwàá, wọ́n máa ń bi àwa tí à ń ṣiṣẹ́ omi pé kí ló dé tí a kò tètè ṣí dáàmù Ọ̀yán, tó wà lórí odò Ọ̀yán tó ń ṣàn wọ inú Ògùn, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n dáàmù yìí, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983, ni wọ́n fi sé odò láti máa fún Èkó àti Abẹ́òkúta lómi, bí òjò oṣù Kẹwàá bá sì ti dá, omi tó bá wà nílẹ̀ ni a ó máa ṣọ́ ná títí òjò mìíràn yóò fi dé. Ẹni tó bá ń sá fún àgbàrá ń fẹ́ kí àlàfo wà nínú adágún, ẹni tó bá ń sá fún òǹgbẹ ń fẹ́ kí ó kún dẹ́nu.

Gbogbo omi tí adágún náà lè gbà jẹ́ nǹkan bíi 270 bílíọ̀nù lítà. Ó dàbí ohun tí kò lè tán, àmọ́ oòrùn náà ń mu nínú rẹ̀, a kì í sì í kà á mọ́ àwọn tó ń pín in. Ojú adágún náà fẹ̀ tó kìlómítà 40 onígun mẹ́rin (40 km²). Bí a bá mú un pé mìlímítà 5 péré ni oòrùn ń fà lójúmọ́, 200 mílíọ̀nù lítà nìyẹn, ó sì ju 175 mílíọ̀nù tí wọ́n ṣètò fún Abẹ́òkúta lójúmọ́ lọ.

Ti omi tí a bá fi ṣe iná mànàmáná rọrùn díẹ̀, nítorí pé omi tó bá yí ẹ̀rọ ń padà sínú odò, a sì tún lè fà á nísàlẹ̀. Omi tí àgbẹ̀ bá fi bomi rin oko kì í padà bẹ́ẹ̀.

Ní tèmi, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí a ti kọ ibi tí omi gbọ́dọ̀ dé lóṣù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí àwọn ará Ìṣẹrí náà mọ̀ ọ́n, kí a sì máa tú omi díẹ̀díẹ̀ láti inú oṣù Kẹfà dípò kí a dúró di ìgbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́. Ewu kan wà níbẹ̀: ọ̀dá oṣù Kẹjọ lè pẹ́ ju bí a ti rò lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, omi mímu ni kí ó ṣáájú, kí ìpín oko dínkù ní ìwọ̀n bí adágún ṣe dínkù, ṣùgbọ́n kí a má ṣe sé odò pátápátá, torí bí ìṣàn rẹ̀ bá rọ jù, omi oníyọ̀ lè ti inú ọ̀sà gòkè wá bá àwọn apẹja.