Èrò òǹdìbò nípa ẹni tó lè wọlé nínú ìdìbò abẹ́lé fún ipò ààrẹ Amẹ́ríkà

Nínú ìdìbò abẹ́lé tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú Amẹ́ríkà fi ń yan ẹni tí yóò dupò ààrẹ lórúkọ wọn, ọ̀pọ̀ òǹdìbò kì í wo ẹni tó wù wọ́n nìkan. Wọ́n tún máa ń rò ó bóyá ẹni náà á lè borí olùdíje ẹgbẹ́ kejì nínú ìdìbò gbogbogbòò tó ń wáyé ní oṣù kọkànlá. Ìgbàgbọ́ nínú agbára ìwọlé ni à ń pe èrò kejì yìí nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ó ti mú kí òǹdìbò púpọ̀ fi ẹni tí ọkàn wọn yàn sílẹ̀ kí wọ́n sì tẹ̀ka fún ẹlòmíì. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ òṣèlú ti ń gbé e yẹ̀wò lójú méjèèjì, ìwádìí lórí rẹ̀ sì tún pọ̀ sí i nígbà ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat ti ọdún 2020.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà ta kókó ni pé ìméfò nípa ọkàn ọmọlàkejì ni. Òǹdìbò tó ń dìbò ní oṣù kejì ń gbìyànjú láti mọ ohun tí àwọn tí kò rí rí, ní ìpínlẹ̀ tí kò dé rí, yóò ṣe ní oṣù kọkànlá. Bí ìméfò ọ̀pọ̀ èèyàn bá sì dọ́gba, ìméfò ọ̀hún fúnra rẹ̀ tó láti gbé olùdíje ga tàbí láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Bí ìṣirò náà ṣe dé ọwọ́ òǹdìbò

Kí ọdún 1972 tó dé, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló máa ń fẹnu kò lórí olùdíje ní àpérò gbogbogbòò ẹgbẹ́ wọn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń ṣe ìdìbò abẹ́lé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí àwọn àgbà tẹ̀ lé àbájáde rẹ̀. Ní 1968, Hubert Humphrey gba tíkẹ́ẹ̀tì Democrat láì polongo nínú ìdìbò abẹ́lé kankan. Ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní àpérò Chicago lọ́dún náà ló bí ìgbìmọ̀ àtúnṣe tí George McGovern àti Donald Fraser darí, òfin tó sì ti ibẹ̀ jáde ló gbé yíyàn lé òǹdìbò lọ́wọ́. McGovern fúnra rẹ̀ ló gba tíkẹ́ẹ̀tì ní 1972. Nínú ìdìbò gbogbogbòò, Massachusetts àti olú-ìlú Washington nìkan ló mú. Títí di òní, ìjákulẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún àwọn Democrat pé kí wọ́n má yan ẹni tí èrò rẹ̀ jìnnà sí ti àwọn tó wà láàárín.

West Virginia, 1960

Ìdìbò tó fi bí ìgbàgbọ́ yìí ṣe ń yí padà hàn jù lọ ṣẹlẹ̀ nígbà tí agbára ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni John F. Kennedy, tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì Democrat lọ́dún náà. Al Smith, Kátólíìkì àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ ńlá fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ, ti fìdí rẹmi lọ́wọ́ Herbert Hoover ní 1928, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé ẹ̀sìn rẹ̀ wà lára ohun tó kó bá a. Kò pọn dandan kí ẹni tó ń ṣiyèméjì nípa Kennedy kórìíra ìjọ rẹ̀. David Lawrence, gómìnà Pennsylvania nígbà náà, Kátólíìkì ni òun náà, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà á pé ará Amẹ́ríkà kò ní dìbò fún Kátólíìkì.

Ní oṣù kẹrin, Kennedy fàgbà han Humphrey ní Wisconsin, àmọ́ àgbègbè tí Kátólíìkì pọ̀ sí ló ti rí ìbò jù, nítorí náà èsì ọ̀hún kò fi àwọn oníyèméjì lọ́kàn balẹ̀. West Virginia ló kàn, ìpínlẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Pùròtẹ́sítáǹtì ni gbogbo ibẹ̀. Kennedy kò sá fún ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn níbẹ̀. Ó rán àwọn èèyàn létí pé kò sẹ́ni tó bi òun bóyá Kátólíìkì ni òun nígbà tí òun wọ iṣẹ́ ológun ojú omi. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún, ó rí nǹkan bí ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, Humphrey sì yọwọ́ nínú ìdíje. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí ipa tí owó ìdílé Kennedy kó níbẹ̀. Iye aṣojú tí West Virginia ní sí àpérò ẹgbẹ́ kò tó nǹkan. Ẹ̀rí pé Pùròtẹ́sítáǹtì lè dìbò fún Kátólíìkì ni Kennedy lọ wá níbẹ̀, ó sì rí i.

Ìfẹ́, ìbẹ̀rù àti ìméfò

Ìbéèrè méjì ni àwọn olùwádìí máa ń yà sọ́tọ̀: ṣé olùdíje lè gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́, ṣé ó sì lè wọlé bó bá gbà á tán? Onímọ̀ òṣèlú Larry Bartels, nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1988, tẹnu mọ́ ti àkọ́kọ́: ẹni tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀rẹ̀ máa ń jèrè òkìkí, òkìkí á sì fa ìbò. Alan Abramowitz ní 1989 tọ́ka sí i pé ìbéèrè kejì ló ń darí ọwọ́ òǹdìbò ní tààrà, àti pé aásìkí níbẹ̀rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ó ń mú kí èèyàn gbà pé olùdíje náà á lè wọlé. Nínú ìdíje gidi, ó ṣòro láti ya méjèèjì níyà.

Lójú àwọn tó ń fi ìṣirò wo ọ̀rọ̀ yìí, òǹdìbò ń fi bí ó ti fẹ́ràn olùdíje tó wé bí ó ti dá a lójú tó pé yóò wọlé. Bí ìbẹ̀rù olùdíje ẹgbẹ́ kejì bá sì ṣe pọ̀ tó ni ìdánilójú yìí ṣe máa ń wúwo tó. Ní 2020, nǹkan bí mẹ́fà nínú mẹ́wàá àwọn Democrat tó dìbò ní Iowa àti New Hampshire sọ fún àwọn olùwádìí pé ẹni tó lè borí Donald Trump ló jẹ wọ́n lógún ju ẹni tí èrò wọn bára mu lọ. Jill Biden, ìyàwó Joe Biden tó ń díje, ti ń bá irú òǹdìbò bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ó ní ó ṣeé ṣe kí olùdíje tí wọ́n fẹ́ràn dára ju ọkọ òun lọ lórí ètò ìlera, àmọ́ kí wọ́n wo ẹni tí yóò wọlé.

Ìṣòro tó tóbi jù fún àwọn tó ń wádìí ni pé ìfẹ́ máa ń ṣe bí ẹni pé ìmọ̀ ni. Ẹni tí èèyàn bá fẹ́ràn ló sábà máa ń rò pé yóò wọlé, ìwádìí sì ti ń fi èyí hàn láti àwọn ọdún 1930. Nítorí náà, bí òǹdìbò bá ní òun yan ẹnìkan nítorí pé ó lè wọlé, ó lè jẹ́ pé ó ti yàn án tẹ́lẹ̀ kó tó wá ìdí. Àwọn olùwádìí kan máa ń lo olùdíje àfinúrò, tí wọ́n á yí èsì ìwádìí èrò aráàlú padà láti wo bí yíyàn ṣe ń yí. Àwọn mìíràn ń bi àwọn èèyàn kan náà léraléra fún oṣù púpọ̀. Ọ̀nà kan tó rọrùn tó sì lágbára jáde ní 2019. Ilé iṣẹ́ Avalanche kọ́kọ́ bi àwọn Democrat pé ta ni wọ́n máa dìbò fún, Joe Biden sì ló gbégbá orókè. Wọ́n wá bi wọ́n pé, ká ní ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìkan tó láti sọ ẹnìkan di ààrẹ láì sí ìdìbò kankan, ta ni wọn yóò mú? Elizabeth Warren, obìnrin tó ń bá Biden du tíkẹ́ẹ̀tì, ló wá síwájú díẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ìdáhùn méjèèjì ni a lè fi díwọ̀n ohun tí ìméfò gbà lọ́wọ́ ìfẹ́.

Obìnrin àti aláwọ̀ dúdú

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń ṣe ìpalára jù nìyí, ibẹ̀ náà sì ni ìwádìí àwọn ọdún àìpẹ́ yìí fojú sí. Regina Bateson, nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 2020, ṣàlàyé pé òǹdìbò tí kò ní ẹ̀tanú lè kọ̀yìn sí olùdíje nítorí pé ó gbà pé àwọn yòókù ní in. Ìwádìí èrò aráàlú tí ilé iṣẹ́ Ipsos ṣe fún ìwé ìròyìn orí ayélujára Daily Beast ní oṣù kẹfà ọdún 2019 gbé e síta kedere. Nínú àwọn Democrat àti àwọn tí kò ní ẹgbẹ́, ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún ní kò sí ìṣòro lójú àwọn bí obìnrin bá di ààrẹ. Ìdá 33 péré ló gbà pé kò ní jẹ́ ìṣòro lójú àwọn aládùúgbò wọn.

Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa ara wọn sì ti yí padà gidigidi. Ní 1937, ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ fún Gallup, ilé iṣẹ́ tó ń wádìí èrò aráàlú, pé àwọn lè dìbò fún obìnrin tó tóótun. Ní 2019, ó ti di ìdá 94. A kò gbọ́dọ̀ gba gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí èèyàn lè má fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀tanú rẹ̀ fún olùwádìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ìdìbò ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ti rí i pé obìnrin tó gbé àpótí ìbò ń wọlé tó ọkùnrin tó wà ní irú ipò kan náà. Hillary Clinton, tó pàdánù ipò ààrẹ ní 2016, fi nǹkan bí mílíọ̀nù 2.9 ìbò ju Trump lọ káàkiri orílẹ̀-èdè. Electoral College, ìyẹn àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ tí ìbò wọn ń yan ààrẹ, ló gbé Trump wọlé.

Ìdíje Barack Obama ní 2008 jọ ti West Virginia. Ní 2007, òǹdìbò aláwọ̀ dúdú púpọ̀ ṣì wà lẹ́yìn Clinton, ara ìdí rẹ̀ sì ni pé wọn kò gbà pé aláwọ̀ funfun á dìbò fún Obama. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 2008, ó gbégbá orókè ní Iowa, níbi tí aláwọ̀ funfun ti pọ̀ ju gbogbo ẹ̀yà yòókù lọ fíìfíì. Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn náà tó fi mú South Carolina pẹ̀lú ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn aláwọ̀ dúdú sì rọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ní 2020

Biden ṣe ipò kẹrin ní Iowa, ó ṣe ìkarùn-ún ní New Hampshire, kódà ó ti fi New Hampshire sílẹ̀ lọ sí South Carolina kí wọ́n tó parí ìdìbò. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì, James Clyburn, aṣòfin láti South Carolina, kéde pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni òun wà, ní ọjọ́ 29 Biden sì mú South Carolina pẹ̀lú ìbò tó súnmọ́ ìdajì. Ní ọjọ́ kejì, Pete Buttigieg, ọ̀kan lára àwọn tó ń bá a díje, yọwọ́. Lọ́tùn-únla, Amy Klobuchar náà yọwọ́, àwọn méjèèjì sì bọ́ sẹ́yìn Biden ní Dallas lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí Super Tuesday, ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń dìbò pa pọ̀, dé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ó mú ìpínlẹ̀ 10 nínú 14, tó fi mọ́ Massachusetts àti Minnesota tí kò fi bẹ́ẹ̀ polongo sí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn, ètò tó ní fún ìlú kò yí padà. Ohun tí òǹdìbò kọ̀ọ̀kan gbà pé àwọn yòókù máa ṣe ló yí.

Ṣé ìméfò náà máa ń bọ́ sí i?

Èsì rẹ̀ kò dúró lójú kan. Ní 2004, òkìkí Howard Dean kàn jù kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Democrat Iowa yan John Kerry, ara ìdí rẹ̀ sì ni pé wọ́n rò pé akọni ogun Vietnam á lè kojú George W. Bush. Bush ló wọlé. Ronald Reagan, tí wọ́n ní èrò rẹ̀ ti le jù, mú ìpínlẹ̀ 44 ní 1980. Ní 2016, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òṣèlú púpọ̀ ní Trump kò lè wọlé láé. Lọ́dún náà, Clinton ni àwọn àgbà Democrat gbà pé ó lágbára ju Bernie Sanders tó ń bá a du tíkẹ́ẹ̀tì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwádìí èrò aráàlú sábà ń fi Sanders síwájú rẹ̀ bí wọ́n bá gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kojú Trump.

Èyí kò sọ pé kò sí òtítọ́ kankan níbẹ̀. Andrew Hall wo ìdìbò ilé aṣojú-ṣòfin láti 1980 sí 2010, ó sì rí i ní 2015 pé ẹgbẹ́ tí olùdíje aláṣejù bá fi díẹ̀ gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá 9 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ipò ààrẹ kò tíì dájú, nítorí ìdìbò ààrẹ kò pọ̀ tó láti fi ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ Republican

Òǹkọ̀wé William F. Buckley ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní 1967 pé olùdíje tó jẹ́ alátakò ìyípadà jù lọ nínú àwọn tó lè wọlé ni kí wọ́n máa tì lẹ́yìn. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni Barry Goldwater, olùdíje Republican fún ipò ààrẹ, ti pàdánù ìpínlẹ̀ 44. Wọ́n fi agbára ìwọlé gbé Mitt Romney lárugẹ ní 2012, ṣùgbọ́n Obama borí rẹ̀. Nikki Haley, tó bá Trump du tíkẹ́ẹ̀tì, náà fi ìwádìí tó ní òun á na Biden jìnnà polongo ní 2024, àmọ́ ọ̀pọ̀ Republican ti gbà pé Trump náà á wọlé, ó sì wọlé lóòótọ́.

Ipa òfin ìdìbò

Nínú ẹgbẹ́ Democrat, olùdíje gbọ́dọ̀ rí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò kó tó lè rí aṣojú gbà, èyí tó ń mú kí òǹdìbò sá fún ẹni tí wọ́n rò pé kò ní dé ibẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ ṣe ń dìbò lọ́kọ̀ọ̀kan tún ń jẹ́ kí àwọn tó kọ́kọ́ dìbò máa kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní ohun tí wọn yóò rò. Ní 2020, àwọn Democrat Alaska, Wyoming, Kansas àti Hawaii jẹ́ kí òǹdìbò to àwọn olùdíje tẹ̀ léra bó ṣe wù wọ́n, kí ìbò ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ kò bá wọlé má baà ṣòfò. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ni Sanders, tó ṣẹ́kù tó ń bá Biden díje, yọwọ́, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sì ka ìbò wọn lẹ́yìn náà, nígbà tí kò sí ìdíje kankan mọ́ tí a lè fi dán ètò ọ̀hún wò.