Owó títẹ̀ àti gbèsè ìjọba: láti ọ̀kẹ́ ẹyọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú dé CBN

Owó títẹ̀ ni kí ẹni tó láṣẹ lórí owó fi kún iye tó wà nígboro. Ní Nàìjíríà, báńkì àpapọ̀ tí a mọ̀ sí CBN nìkan ni òfin gbà láyè láti ṣe é. Òfin tó dá a sílẹ̀ jáde ní 1958, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, 1959. Kì í gba owó ìpamọ́ lọ́wọ́ aráàlú. Ìjọba àti àwọn báńkì yòókù ni oníbàárà rẹ̀.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ti rí ohun tí àpọ̀jù owó ń fà kí báńkì kankan tó débẹ̀. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sin sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ, odindi ẹrù alábàárù kan. Láti àárín àwọn ọdún 1840, àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ òkun kó ẹyọ ńláńlá láti Zanzibar ní ìlà oòrùn Áfíríkà wá sí etíkun wa. Ọjà etí ọ̀sà bí Èjìnrìn wà lára ọ̀nà tí ẹyọ ń gbà wọ òkè. Ọjà títà ò pọ̀ sí i tó bí ẹyọ ṣe ń ya wọlé. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ohun tí ọ̀kẹ́ kan ń rà tẹ́lẹ̀, ọ̀kẹ́ mẹ́ta ò kájú rẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà tó ri ìkòkò ẹyọ mọ́lẹ̀ kò pàdánù ẹyọ kan ṣoṣo, síbẹ̀ owó rẹ̀ ti dín.

Lónìí, owó bébà kéré nínú owó tó wà. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ nọ́ńbà nínú ìwé báńkì.

Bí owó orí àti owó epo ò bá ká ìnáwó ìjọba, yóò yáwó. Ọ̀nà méjì ló ṣe pàtàkì nínú ilé, wọn ò sì dọ́gba. Ó lè ta ìwé gbèsè fún báńkì, iléeṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì àti aráàlú. Nàìjíríà ti ń ta onígbà kúkúrú láti oṣù Kẹrin 1960. Owó tó ti wà ló ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ó sì lè yá lọ́wọ́ CBN fúnra rẹ̀, owó tí kò sí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Alájọ tó ń ti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú Òde, lè yá ẹnì kan nínú ohun tó gbà lọ́wọ́ àwọn yòókù. Tó bá kàn ń fàlà sí káàdì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dáwó, àjọ á fọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó o. CBN kì í fọ́ bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń ṣe owó. Ọjà la ti ń rí àbájáde rẹ̀: gaàrí kan náà, kóńgò kan náà, owó gọbọi.

Ìdí nìyí tí òfin CBN ti 2007 fi sọ pé irú ẹ̀yáwó yìí, tí wọ́n ń pè ní Ways and Means, kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú 100 owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú. Wọ́n kọjá ààlà náà fíìfíì. Ní oṣù Karùn-ún 2023, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí 22.7 tírílíọ̀nù náírà tí ìjọba ti yá bẹ́ẹ̀ di gbèsè ogójì ọdún, pẹ̀lú èlé ìdá 9. Ní oṣù Kejìlá 2024, ọ̀wọ́ngógó dé ìdá 34.8, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yíyọ owó ìrànwọ́ epo àti jíjá náírà wálẹ̀ náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Nígbà náà, CBN ti gbé èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5 kí owó yíyá lè wọ́n, kí ìnáwó sì rọlẹ̀.

Ẹni tó ń ṣe owó náà ló lè sọ ọ́ di asán. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ló ń bójú tó ìṣúná ìjọba àpapọ̀ láti 1967 sí 1971. Inú ilé ni wọ́n ti yá èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n yá fún ogun abẹ́lé. Ní oṣù Kìíní 1968, wọ́n pààrọ̀ owó bébà, èyí tó ṣẹ́kù sọ́wọ́ Biafra sì di bébà lásán.

Ní ìparí 2022, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí gba owó àtijọ́ kí tuntun tó kárí. Ẹni tó fẹ́ ra gaàrí ní láti lọ bá oní-POS, kó fi náírà ra náírà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí wọ́n máa ná ti àtijọ́ títí ọdún náà yóò fi parí.