Ọ̀nà Tí Àtíkè Ń Gbà Dé Ẹ̀dọ̀fóró Ọmọ

Bí wọ́n bá wẹ ọmọ ìkókó tán, tí wọ́n gbọn àtíkè sí i lọ́rùn àti abíyá, awọ ara ni gbogbo ènìyàn máa ń wò. Pé àtíkè ń fa omi mu kò ṣòro láti yé ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni eruku funfun tó gbéra sókè bí wọ́n ṣe ń gbọn agolo náà.

Ẹni tó bá ti jókòó ti obìnrin tó ń fi ajọ̀ ku èlùbọ́ yóò mọ̀ pé èyí tó wúwo a bọ́ sínú igbá, ṣùgbọ́n èyí tó kúnná jù lọ a máa fò káàkiri títí yóò fi bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àtíkè rí, àfi pé kíkúnná yìí gan-an ni àwọn oníbàárà ń sanwó fún. Irun imú àti ikun ń mú eruku tó tóbi. Àwọn irun tín-ín-tín inú ọ̀nà èémí a sì máa gbá èyí tó bá kọjá padà sókè, bí ẹni tó ń gbálẹ̀ àgbàlá láràárọ̀. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú ètò yìí, síbẹ̀ eruku tí ìbú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan lè yọ́ kọjá àwọn agbálẹ̀ náà dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀nà èémí ọmọ tuntun tóóró, ó sì ń mí tó ìgbà 30 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí àgbàlagbà ń mí bí ìgbà 12 sí 20. Bí àtíkè púpọ̀ bá dà sójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èémí rẹ̀ lè há. Talc, òkúta rírọ̀ tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n sì ń lọ̀ ṣe àtíkè, kì í sì í yòrò nínú omi.

Èrò kan wà tó ń bíni nínú, pé ewu ti tán níwọ̀n ìgbà tí Johnson & Johnson, ilé-iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ fún àtíkè ọmọ, ti fi ìyẹ̀fun àgbàdo rọ́pò talc, ní Amẹ́ríkà àti Kánádà láti 2020, àti káàkiri àgbáyé ní 2023. Àríyànjiyàn lórí asbestos, òkúta mìíràn tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, tó sì máa ń wà nítòsí talc nínú ilẹ̀, ló fa ìyẹn. Lóòótọ́, àgbàdo kò ní asbestos nínú, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún eruku àgbàdo pé kó má fò? Ìdí nìyí tí American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, fi ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n má lo àtíkè kankan fún ọmọ ìkókó.

Nínú ìṣẹ́po ọrùn pàápàá, àtíkè tó bá pàdé òógùn a máa di kókó, a sì máa ha awọ tí a ní kó dáàbò bò. Aṣọ ìnura rírọ̀ tí a rọra tẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, àti atẹ́gùn díẹ̀ kí a tó wọṣọ fún ọmọ, ń ṣe iṣẹ́ náà láìgbé eruku kankan sókè.