Kí ni ó túmọ̀ sí pé nǹkan wà? Ọ̀nà tí fẹnomẹnọ́lọ́jì ń gbà wò ó

Òkúta wà. Gbèsè wà. Nọ́ńbà 7 wà, ọjọ́ ọ̀la tí kò tíì dé náà sì wà lọ́nà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la lò fún gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ òkúta ṣeé fọwọ́ gbé, gbèsè ò ṣeé fọwọ́ gbé. Aristotle, amòye ilẹ̀ Gíríìsì, ti sọ ọ́ láyé àtijọ́ pé ọ̀nà tí a ń gbà sọ pé nǹkan wà pọ̀. Kí ló wá pa gbogbo wọn pọ̀? Ìyẹn ni ìbéèrè wíwà nínú fìlọ́sọ́fì.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni pé ká wádìí ohun tí a fi ṣẹ̀dá nǹkan: átọ́ọ̀mù ni àbí ẹ̀mí? Fẹnomẹnọ́lọ́jì, ìyẹn ọ̀nà ìrònú tó ń ṣàpèjúwe bí nǹkan ṣe ń fara hàn wá, ò gba ibẹ̀. Amòye kan, Edmund Husserl, ló la ọ̀nà yìí ní Jámánì, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1900 àti 1901, ohun tó sì ń tẹnu mọ́ ni pé ká padà sọ́dọ̀ àwọn nǹkan fúnra wọn. Nígbà tó yá, ó ní ká fi ohun tí a ti gbà tẹ́lẹ̀ nípa nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, títí kan ìgbàgbọ́ wa pé ó wà láìsí àwa. Kì í ṣe pé ká sẹ́ ẹ o. Ká ṣáà dá a dúró ná, ká wá ṣàpèjúwe bí nǹkan náà ṣe ń fara hàn wá. Dúró síwájú ilé kan, kí o wò ó. Ojú rẹ ò dé ẹ̀yìn rẹ̀, síbẹ̀ odindi ilé lo rí, kì í ṣe ògiri kan. Ẹ̀yìn tí o kò rí ti wà nínú rírí náà.

Martin Heidegger, tó bá Husserl ṣiṣẹ́ ní ìlú Freiburg, fi ìwé ńlá rẹ̀ ti 1927 júbà ọ̀gá yìí, inú ìwé náà gan-an ló sì ti yà kúrò lọ́nà rẹ̀. Lójú tirẹ̀, a ti sọ bí nǹkan ṣe ń hàn, a ò tíì béèrè bí ẹni tí wọ́n ń hàn sí ṣe wà. Òkúta kì í bi ara rẹ̀ bí òun ó ṣe wà. Èèyàn ò lè ṣe kó má bi í, kódà bó bá ń sá fún un. Dasein, ọ̀rọ̀ Jámánì tó túmọ̀ sí wíwà, ni Heidegger pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ní ká ti bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ òòlù rẹ̀ ni mo kà sí ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Káfíńtà tó ń kan ìṣó kì í wo òòlù. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ìṣó, pákó, ilé tí wọ́n ń kọ́ àti ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀ ni òòlù náà ń tọ́ka sí. Ìgbà tí orí òòlù bá yọ lójijì ló tó di irin kan tó ní ìwọ̀n àti àwọ̀, tí à ń tẹjú mọ́. Àwọn amòye ti gbà fún ìgbà pípẹ́ pé títẹjú mọ́ nǹkan yìí ni ìpìlẹ̀. Heidegger ní ẹ̀yìn lílò ló ń dé. Nínú ìgbésí ayé la ti kọ́kọ́ ń bá nǹkan pàdé, ká tó dúró wò ó.

Ìgbà kan wà tí gbogbo àsopọ̀ yìí máa ń tú mọ́ èèyàn lọ́wọ́: nígbà tí àìbalẹ̀-ọkàn tí kò ní orúkọ bá dé, tí kò sí ohun pàtó tí à ń bẹ̀rù. Ohun tó kù nígbà náà ni pé a wà, àti pé a óò kú, ikú tí ẹnikẹ́ni ò lè bá wa kú. Ibẹ̀ ni Heidegger ti dé ọ̀rọ̀ àkókò: à ń gbé ohun tó ti kọjá dání, a sì ń sáré síwájú ara wa.

Ó dùn mí pé ọkùnrin kan náà wọ ẹgbẹ́ Hitler ní 1933, nígbà tí òfin ìjọba yẹn ń ti àwọn tí wọ́n bí sí ìdílé Júù, tí Husserl jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, sẹ́yìn. Kò yẹ kí ẹni tó ń ka iṣẹ́ rẹ̀ gbójú fò ó.

Ìwé 1927 náà ò parí. Apá tó yẹ kó ti orí wíwà èèyàn bọ́ sórí wíwà fúnra rẹ̀, èyí tó ṣèlérí níbẹ̀rẹ̀, kò jáde gẹ́gẹ́ bó ṣe pinnu rẹ̀.