Kí ni wọ́n ń pè ní micronation, kí sì ni wọ́n ń dìbò fún níbẹ̀?

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Robert Ben Madison nígbà tó sọ yàrá rẹ̀ di orílẹ̀-èdè. Ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1979. Talossa ló pe orílẹ̀-èdè náà, ọ̀rọ̀ kan tó mú nínú èdè àwọn ará Finland, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju “nínú ilé” lọ. Ó fi ara rẹ̀ jọba. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, bí eré ọmọdé ṣe máa ń parí nígbà tí ìyá bá ní kí wọ́n wá jẹun. Kò parí. Talossa ní òfin, ó ní ẹgbẹ́ òṣèlú, wọ́n sì ń ṣe ìdìbò gbogbogbòò.

Irú ìlú báyìí ni wọ́n ń pè ní micronation. Ẹ má ṣì í mú fún orílẹ̀-èdè tó kéré. Monaco kéré, San Marino kéré, Tuvalu kò tó nǹkan rárá, síbẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àga nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ti micronation yàtọ̀: àwọn èèyàn kan jókòó, wọ́n ní àwọn ti di orílẹ̀-èdè, wọ́n rán àsíá, wọ́n kọ òfin, wọ́n tẹ sítáǹbù, àwọn ìjọba ayé kò sì dá wọn lóhùn. Àdéhùn Montevideo ti ọdún 1933 ka nǹkan mẹ́rin tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ní: àwọn èèyàn tó ń gbé ibẹ̀, ilẹ̀ tó ní ààlà, ìjọba, àti agbára láti bá orílẹ̀-èdè mìíràn ní àjọṣe. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìjọba nìkan ni ọ̀pọ̀ micronation lè fọwọ́ ara wọn ṣe. Ilẹ̀ ń fẹ́ owó, ogun ń fẹ́ ìbọn, ṣùgbọ́n ohun tí ìbò ń fẹ́ kò ju àwọn èèyàn díẹ̀ tó gbà láti tẹ̀lé èsì rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn ìdìbò tó bẹ́ẹ̀.

Kì í kúkú ṣe gbogbo wọn ló ń dìbò. Ní Molossia, ní ìpínlẹ̀ Nevada, Kevin Baugh ni Ààrẹ, aṣọ ológun ló sì máa ń wọ̀ ṣe é. Kò sẹ́ni tó ń bá a du ipò. Oyè ìdílé ni ti Sealand, ilé àwọn ológun àtijọ́ kan lójú òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Roy Bates gbà á ní 1967, ó kú ní 2012, ọmọ rẹ̀ Michael sì bọ́ sípò.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Talossa, torí ìṣirò ibẹ̀ dùn. Cosa ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú ilé aṣòfin méjèèjì tí wọ́n ní, ìjókòó 200 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ará ìlú, tí ọ̀pọ̀ wọn kò pàdé ara wọn rí àfi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í dìbò fún ẹnì kan níbẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú ni wọ́n ń dìbò fún, iye ìbò tí ẹgbẹ́ bá sì rí ni wọ́n fi ń pín ìjókòó fún un. Ká ní èèyàn 80 ló dìbò. Ẹgbẹ́ kìíní rí ìbò 40, ó gba ìjókòó 100. Ẹgbẹ́ kejì rí 24, ó gba 60. Ẹgbẹ́ kẹta rí 16, ó gba 40. Ẹ ti rí ibi tí ẹ̀rín wà? Ìjókòó pọ̀ ju olùdìbò lọ! Ìbò ẹnì kan ń mú ìjókòó méjì ààbọ̀ wálé. Nítorí náà, aṣòfin kan lè nìkan di ìjókòó mẹ́wàá mú, bó bá sì ní “mo gbà”, ohùn mẹ́wàá ló wọlé yẹn.

Bó ṣe ń pani lẹ́rìn-ín tó, ètò gidi ni, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Yúróòpù sì ń lo irú rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ní agbègbè rẹ̀ ló ń lọ sí Abùjá. Ìbò àwọn yòókù ti wọ gbó nìyẹn. Nínú ètò ti Cosa, ẹgbẹ́ kékeré náà á rí nǹkan mú. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹgbẹ́ kankan kò bá ní ju 100 lọ, àfi kí wọ́n wá ẹni bá ṣe pọ̀ kí wọ́n tó lè yan olórí ìjọba, tí wọ́n ń pè ní Seneschal.

Kí wá ni ẹni tó pàdánù lè ṣe? Ó lè bínú lọ. Ní 2004, àwọn kan yapa, wọ́n dá Orílẹ̀-èdè Olómìnira Talossa tiwọn sílẹ̀. Ọlọ́pàá kankan kò lé wọn, torí kò sí ọlọ́pàá. Madison fúnra rẹ̀ kúrò lórí oyè lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọdún 2012 ni àwọn tó yapa tó padà wálé.

Àwọn míì kò mọ̀ pé eré ni. Ladonia jẹ́ ibì kan létí òkun ní gúúsù Sweden, tí ayàwòrán Lars Vilks kéde ní 1996 nígbà tí òun àti ìjọba ń jà lórí àwọn ère tó kọ́ síbẹ̀. Ní 2002, èèyàn tó ju 3,000 láti Pakistan kọ̀wé pé àwọn fẹ́ kó wá síbẹ̀. Wọ́n rò pé ilé wà níbẹ̀, wọ́n rò pé iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá mọ bí jápa ṣe ń mú èèyàn kò ní fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Seborga ló sún mọ́ ìlú gidi jù, torí pé ìlú gidi ni: abúlé kan lórí òkè ní Liguria, ní Ítálì, tí èèyàn bí 300 ń gbé. Giorgio Carbone, tó ń gbin òdòdó tà, ní wọn kò forúkọ títà tí wọ́n ta Seborga ní 1729 fún ìdílé Savoy, tó wá jọba Ítálì, sílẹ̀ bó ṣe yẹ, nítorí náà abúlé náà kò di ti Ítálì rí. Ní 1963 àwọn ará abúlé fi í jẹ ọmọ aládé. Ní 1995 wọ́n dìbò lórí òmìnira: 304 ní bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́rin péré ní rárá. Nígbà tó kú ní 2009, oyè náà kò di ti ọmọ rẹ̀. Wọ́n ń dìbò yan ẹni tí yóò jẹ ẹ́ fún ọdún méje-méje. Marcello Menegatto wọlé ní 2010. Ní 2017, ó fẹ̀yìn Mark Dezzani balẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ rédíò. Nígbà tí Marcello fipò sílẹ̀ ní 2019, Nina Menegatto, tó ti fìgbà kan jẹ́ ìyàwó Marcello, ló wọlé, ọmọbìnrin Carbone ló sì fìdí rẹmi.

Àmọ́ Seborga ní mẹ́yọ̀, òfin Ítálì ni wọ́n fi ń yàn án. Owó orí wọn, Ítálì ni wọ́n ń san án fún. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, ọ́fíìsì mẹ́yọ̀ ni wọ́n ń lọ.